Kẹ̀kẹ́ Tuntun Lórí Òkè Adágbá

“Mo lá àlá kan lọ́sàn-án yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín o,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí fún wa, a sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni àlá náà, kì í ṣe òru. Àlá òru a máa ní ìtìjú díẹ̀, a máa rọra kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Àlá ọ̀sán kì í kanlẹ̀kùn. Tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ní í wọlé. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún wa ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọwọ́ àlá ló bu ú, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Onífọ́tò ni Rẹ̀mílẹ́kún yìí ní ìlú Ìdó-Àpáta. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú ènìyàn ló máa ń wò: ojú ìyàwó tuntun, ojú arúgbó tó ń gbìyànjú láti má ṣe rẹ́rìn-ín, ojú ọmọdé tí kò fẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá dé, tí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Akínlàjà.

Akínlàjà ló kó àwọn èèyàn jọ ní ìlú náà tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí Òkè Adágbá. Ẹ má rò pé kẹ̀kẹ́ tí baba wa fi ń gbé iṣu wálé ni mò ń wí o. Kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún orí òkè ni. Táyà rẹ̀ ní eyín bí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, sípíríǹgì wà níwájú rẹ̀ àti láàárín rẹ̀, tí í máa bá ẹni tó gùn ún gba ìyà òkúta. Wọ́n á tì í gòkè, wọ́n á gùn ún sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró tó gba àárín igbó àti àpáta. Akínlàjà ní í ṣíwájú, Rẹ̀mílẹ́kún ní í tẹ̀ lé e, àwọn yòókù á wá máa bọ̀. Gbogbo ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ nípa ọ̀nà náà, ara ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kà á. Bí ẹ̀yìn yẹn bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, òun náà á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Bó bá dìde lórí ìjókòó, òun náà á dìde.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni nǹkan yíwọ́. Ibì kan wà lórí òkè náà tí wọ́n ń pè ní Ọrùn Ìgò, níbi tí àpáta méjì ti fún ọ̀nà pọ̀, tí ilẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni táyà iwájú Akínlàjà ti há sínú ihò. Rẹ̀mílẹ́kún rí i láti ẹ̀yìn bó ṣe fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bí aṣọ tí atẹ́gùn ká kúrò lórí okùn. Orúnkún rẹ̀ fọ́. Ó ti ń rìn báyìí, ọ̀pá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní kó dágbére fún kẹ̀kẹ́ orí òkè. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gun òkè mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà, wọ́n á kí ara wọn bí ìgbà tí èèyàn bá pàdé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọ tó ti wó.

Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ni Akínlàjà wọ́ páálí gbàgẹ̀rẹ̀ kan wọ ilé ìyá wọn. Kẹ̀kẹ́ tuntun ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ ọsàn tí kò tíì pọ́n, tòun ti akoto, ìbọ̀wọ́ àti ààbò orúnkún.

“Tìrẹ ni,” ni ó wí. “Mo ti sọ fún Gbénró àti àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù. Ní Sátidé, ìwọ lo máa ṣíwájú wọn.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ iwájú ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo mọ̀.”

“Ẹ̀yìn tí ò ń wò yẹn, ṣebí iwájú ló ń lọ?”

“Bí mo bá kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ sínú ihò ńkọ́?”

“Ìyẹn ni pé o mọ̀ pé ihò wà,” ni Akínlàjà wí, ó bá fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ń lọ.

Rẹ̀mílẹ́kún ò rí oorun gidi sùn mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí Sátidé fi máa dé, ara rẹ̀ ti di ti adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò rí ibi yé e sí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bọ́ ọ. Ó pọ́ǹpù táyà, ó tún tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ní ó le jù. Ó jókòó, ó dìde. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá èèrà ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí ó ku wákàtí díẹ̀ kí ẹgbẹ́ dé, ó ní kí òun na ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú kan. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ààbò orúnkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí oorun ṣe gbé e lọ nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó rí ni pé kẹ̀kẹ́ tuntun náà ti wọlé, ó ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti fa aṣọ ìbora débi ọrùn.

“Ẹ káàsán, mà,” ni kẹ̀kẹ́ wí. “Ẹ bá mi sún díẹ̀.”

Rẹ̀mílẹ́kún sún. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń rò ni pé àlejò ni, kò sì dáa kí èèyàn jẹ́ kí àlejò sùn sílẹ̀.

“Mà, wọ́n ní à ń lọ sórí òkè,” ni kẹ̀kẹ́ tún wí. “Mi ò rí òkè rí o. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí lára páálí mi. Ṣé ó máa ń jẹni ni?”

“Kì í jẹni. Ó kàn máa ń gbéni mì díẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣáà mọ ọ̀nà.”

Nígbà náà ni ẹnì kan húkọ́ lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún wò ó, ó rí i pé agogo kẹ̀kẹ́ ni, agogo kékeré olómi-fàdákà, ṣùgbọ́n ó ní irùngbọ̀n, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ fi di agogo?”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí,” ni Akínlàjà wí. “Mo wá ibi tí mo lè jókòó sí tí màá tún máa bá yín lọ. Àyè agogo nìkan ló ṣí sílẹ̀. Jẹ́ ká lọ, Gbénró ti ń dúró.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú Rẹ̀mílẹ́kún. Ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sí yàrá. Ó gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ Òkè Adágbá ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró síbi tí tẹlifíṣọ̀n máa ń wà, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá òkúta orí òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màámi, ẹ fi òkúta yẹn sílẹ̀, ibi tí wọ́n wà la mọ̀ wọ́n sí.”

“Ìwọ náà ni o ò ní jẹ́ kí ilé mọ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ibo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ ṣíwájú.”

“Ṣé o ti gba àṣẹ ni? Èèyàn kì í déédéé ṣíwájú nísinsìnyí. Ọ́fíìsì ti wà fún un.” Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sókè.

Lóòótọ́ ni. Ilé gogoro kan wà lójú ọ̀run lókè orí òkè, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ń fì bí èso tó fẹ́ já bọ́. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ gígùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ìrókò kó má baà fò lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé Ọ́FÍÌSÌ ÌṢÍWÁJÚ. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń ju èèpo rẹ̀ wálẹ̀. Èèpo náà ń bọ́ sórí akoto Rẹ̀mílẹ́kún, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún di ṣéènì mú, ó fẹ́ fà á wálẹ̀ bí ẹní fa omi nínú kànga. Bó bá fà á, ọ́fíìsì náà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bó bá sinmi láti mí, á tún gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gírísì ti kun ọwọ́ rẹ̀ débi ìgbọ̀nwọ́. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, nítorí ó ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé, “Ṣé a ti ń lọ ni? Ṣé a ò tíì máa lọ?”

Akoto tó wà lórí rẹ̀ bá yọ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí i létí. “Má da ara rẹ láàmú. Sọ pé oúnjẹ ti délẹ̀.”

“Oúnjẹ wo?”

“Ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.”

Rẹ̀mílẹ́kún kígbe pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá, oúnjẹ ti délẹ̀ o!” Kí ó tó pa ẹnu dé, ọ́fíìsì ti balẹ̀ gbì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, òṣìṣẹ́ kan sì ti na ọwọ́ síta pẹ̀lú ṣíbí.

Inú ọ́fíìsì náà kún fún èèyàn. Wọ́n tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ìlà náà yí po bí òrùka, kò ní orí, kò ní ìdí. Rẹ̀mílẹ́kún bi obìnrin kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ṣíwájú?”

“Èmi ò mọ̀ o, ẹ̀yìn ni mo wà,” ni obìnrin náà wí.

Ó bi ọkùnrin tó tẹ̀ lé e. “Ẹ̀yìn lèmi náà wà,” ni ó wí, ó tilẹ̀ ń bínú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn. Rẹ̀mílẹ́kún bá kó sí ìlà náà. Ó rí ẹ̀wù ẹnì kan níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń tẹ̀ lé ẹ̀wù náà yípo, ó ń tẹ̀ lé e yípo, títí agogo fi dún lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Rẹ̀mí!” ni ohùn Akínlàjà wí. “Ṣé ibi tá a ń lọ nìyí?”

“Bọ̀ọ̀dá, ó tẹ́ mi lọ́rùn níbí.”

“Ó tẹ́ ọ lọ́rùn bí? Wo orúnkún rẹ.”

Ó wolẹ̀. Ààbò orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń jà. Tọ̀tún ń sọ pé, “Bá a bá ṣubú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kanlẹ̀, èmi ni àgbà.” Tòsì ń sọ pé, “Irọ́ lò ń pa, apá òsì ni gbogbo ìdílé yìí máa ń gbà ṣubú.” Rẹ̀mílẹ́kún gbá àwọn méjèèjì létí, wọ́n sì dákẹ́.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ sí iyàrá ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá náà sanra, ó de táì pupa, ó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó gùn bí afárá. Ògiri ni òun àti ìjókòó rẹ̀ kọjú sí, ìpàkọ́ rẹ̀ ló sì fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

“Kí lo wá ṣe?” ni ìpàkọ́ bi í.

“Ẹ káàsán sà. Àṣẹ láti ṣíwájú lórí Òkè Adágbá ni mo wá gbà, sà.”

“Mú iwájú rẹ wá.”

“Iwájú mi, sà?”

“Iwájú tí o fẹ́ lọ. Gbé e sórí tábìlì ká wò ó. Àbí o rò pé a máa fọwọ́ sí ohun tá ò rí?”

Rẹ̀mílẹ́kún sọ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú rẹ̀. Ó rí ìgò omi. Ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ní òun ò sí nílé. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí ohun kan tí a ká bí aṣọ. Ó fà á jáde, ó tú u palẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, odindi, tòun ti ẹ̀wù búlúù rẹ̀ àti òógùn tó yọ lára rẹ̀ bí àwòrán erékùṣù.

Ọ̀gá náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ẹ̀yìn rèé,” ni ó wí. “Ẹ̀yìn gidi sì ni, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú.”

“Sà, òun nìkan ni mo ní.”

“Tóò. A ti gbọ́. Ìpinnu ọ́fíìsì yìí ni pé, nígbà tó jẹ́ pé, tí a bá sì wò ó dáadáa, mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀.”

“Ẹ wí kí ni, sà?”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀.”

Ó yí padà sí i. Òbúkọ ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń jẹ táì tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igbákejì rẹ̀ wọlé pẹ̀lú fáìlì, kó tó dé ìdí tábìlì, òun náà ti di ewúrẹ́, ó sì ti jẹ fáìlì náà dé ìdajì. Obìnrin tó wà lẹ́yìn Rẹ̀mílẹ́kún lórí ìlà yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ má wulẹ̀ bá wọn bínú,” ni ó wí. “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ìgbéga ni.”

“Ẹ bá mi kí wọn,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ṣùgbọ́n àwọn ewúrẹ́ ò dúró gba ìkíni. Wọ́n bẹ́ láti orí tábìlì sí ojú fèrèsé, wọ́n bẹ́ láti ojú fèrèsé sórí òkè. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀, ọ́fíìsì náà fúyẹ́, ó gbéra sókè, ó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àwo tí wọ́n fẹ́ da omi inú rẹ̀ nù. Tábìlì gígùn yẹn di ojú ọ̀nà. Rẹ̀mílẹ́kún bá ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo ìlà tó yí po yẹn sì já, ó nà tààrà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀wù kankan níwájú rẹ̀ mọ́.

Ó bojú wẹ̀yìn. Gbénró ló tẹ̀ lé e gbágbáágbá. Aránṣọ ni Gbénró, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló sì ń gùn sọ̀kalẹ̀ òkè, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gún ilẹ̀ tàtàtàtà.

“Rẹ̀mí, rọra o!” ni Gbénró kígbe. “Etí ọ̀nà yìí ń tú, mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ!”

“Gbénró, ṣé o rí ọ̀nà níwájú?”

“Báwo ni mo ṣe máa rí i? Ìwọ lo dí mi lójú!”

Rẹ̀mílẹ́kún kọjú síwájú. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ò sí níbẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bíi pépà fọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ omi, tí àwòrán ò tíì yọ lára rẹ̀. Ibi tí táyà bá ti tẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń yọ, kì í sì í yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Mà,” ni kẹ̀kẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, “mi ò rí nǹkan kan o. Ṣebí ẹ ní ẹ mọ ọ̀nà?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́.”

“Yéè! Mo gbé!”

Rẹ̀mílẹ́kún fún bíréèkì. Bíréèkì figbe ta. “Ẹ má fún mi lọ́rùn! Ẹ ò tíì ré nǹkan kan kọjá, ẹ ti ń fún mi lọ́rùn!” Ó tú u sílẹ̀, eré pọ̀ sí i. Ó tún fún un, ó tún figbe ta. Inú fu, ẹ̀dọ̀ fu ni wọ́n fi dé Ọrùn Ìgò.

Ìgò gidi ni lọ́jọ́ yẹn, ìgò aláwọ̀ ewé tó ga ju ilé ìjọsìn lọ, wọ́n dà á dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ kéré. Òbúkọ ọ̀gá àgbà ló jókòó sínú ẹnu náà bí ìdérí, táì ti tán lọ́rùn rẹ̀.

Ó gbé irùngbọ̀n sókè, ó tọ́ka sí òfuurufú. Rẹ̀mílẹ́kún gbójú sókè, ó sì rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀.

Akínlàjà ni, kì í ṣe agogo, odindi Akínlàjà. Ó nà gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́ ní ibi tó ti ń fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Kò tíì balẹ̀. Ó ti ká ọwọ́ sábẹ́ orí bí ẹni tó ti pẹ́ níbi tó wà. Ẹyẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí bàtà rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi!”

“O káre, Rẹ̀mí. Ṣé dáadáa ni?”

“Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?”

“Mò ń ṣubú.”

“Ẹ balẹ̀ nígbà náà!”

“Báwo ni mo ṣe máa balẹ̀?” ni Akínlàjà wí, kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó rẹ̀. “Ìwọ lò ń wò mí. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ pé ẹni tí a bá ń wò gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ lo ti ń wò mí. Ebi ń pa mí níbí, ẹ̀yìn ń ro mí. Gbójú kúrò lára mi, àbúrò mi, kí n lè rí ilẹ̀ tẹ̀.”

Agogo tó wà lórí kẹ̀kẹ́ dún. “Òótọ́ ló ń sọ,” ni agogo wí. “Èmi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn mí.”

Rẹ̀mílẹ́kún sọ fún wa pé ibẹ̀ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá gbójú kúrò, yóò gbọ́ ìró orúnkún tó fọ́, bí ó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọrùn rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ yí. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Gbénró ń pariwo lẹ́yìn pé okùn òun ti fẹ́ tán. Rẹ̀mílẹ́kún bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ di akoto mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹní ṣí ìgò tó le, ó sì yí orí ara rẹ̀ síwájú.

Ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn. Kò tó ìró àgbọn tó jábọ́. Bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, tó ní, “Háà. Ó dáa.”

Òbúkọ bẹ́ kúrò lẹ́nu ìgò. Kẹ̀kẹ́ ní, “Mà, ṣé ká lọ?” Rẹ̀mílẹ́kún ní, “Jẹ́ ká lọ.” Wọ́n kó wọnú ọrùn ìgò náà, ohùn wọn ń dún padà lára ògiri rẹ̀. Lára funfun tó wà níwájú, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí fọ́tò ṣe ń yọ nínú omi: gbòǹgbò igi kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òkúta pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ibi tí ọ̀nà gbé tẹ̀ sọ́tùn-ún. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde lórí ìjókòó, ó tẹ ara sẹ́yìn, ilẹ̀ já,

ó sì jí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wa aṣọ ìbora bọ́ sílẹ̀. Òógùn bò ó. Kẹ̀kẹ́ tuntun náà fi ara ti ògiri, kò sọ nǹkan kan. Agogo kankan kò sí lórí rẹ̀. Ìta ti kún fún ohùn èèyàn: Gbénró àti àwọn yòókù ti dé, wọ́n ń bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà.

Akínlàjà dúró sí ojú fèrèsé láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi rẹ̀, ó ń wo ibòmíì.

“Ò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun,” ni ó wí. “Ta lò ń bẹ̀ pé kó balẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí n dìde ná, Bọ̀ọ̀dá mi.” Ó wá síbi fèrèsé, ó sì dúró wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà. Èyí tí orúnkún rẹ̀ fọ́ tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló wà. “Kí lẹ ń wò?”

Akínlàjà fi àgbọ̀n tọ́ka. Lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wọn, àwọn ewúrẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wálé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí oòrùn bá ti rọ̀. Àpáta náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ewúrẹ́ funfun kékeré kan ló ṣíwájú. Ó dúró, ó wò, ó fi ẹsẹ̀ kan dán ilẹ̀ wò, ó bẹ́ bọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù sì bẹ́ tẹ̀ lé e.

“Ti ta ni funfun kékeré yẹn?” ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

“Ti Ìyá Ògúnkúnlé. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ fún wa níta ni. Funfun tó ṣíwájú yẹn, àná ni wọ́n rà á.”

“Àná?”

“Àná. Kò dé àdúgbò yìí rí.”

Rẹ̀mílẹ́kún ń wo ewúrẹ́ náà. Ewúrẹ́ funfun náà dé ibi tí àpáta gbé pín sí méjì, ó tún dúró, ó mi etí. Ó yà sọ́tùn-ún. Àwọn àgbà ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà yẹn bọ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn, yà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá lọ sílé.